Àmì Kẹta Lára Irin Ìwàlẹwà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ jọ wà ní kíláàsì ọdún 2007, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ ka ìwé yìí. Èmi Ẹkúndayọ̀ Gbádéyan ni, tí ẹ ń pè ní Bàbá Lábù, tí mo ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò irin fún yín ní ilé-ẹ̀kọ́ wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo purọ́ fún yín. Ọdún kejìdínlógún rèé tí irọ́ náà ti wà níkùn mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sin ín mọ́ mi. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Òṣogbo sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ọkàn mi ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pé ó ti nà débi tí kò lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, ọ̀rọ̀ tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń sọ fún mi yẹn." Kò yé e. Ẹ̀yin, ó yé yín.

Ṣé ẹ ṣì rántí yàrá yẹn? Bí mo bá dijú báyìí, òórùn rẹ̀ á wá bá mi: ọ́ìlì, ìpata, àti ẹ̀pà tí ẹ ń jẹ lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé mi ò rí yín. Ẹ rántí ẹ̀rọ ńlá tó dúró láàárín yàrá, tó ga ju ènìyàn lọ, tó máa ń di irin mú lókè àti nísàlẹ̀, tí yóò máa fà á títí yóò fi já. Àwọn tó ṣáájú yín ló sọ ọ́ ní Afàrinya. Bí irin bá ti wà lẹ́nu Afàrinya, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ aago rẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, èmi á máa ka nọ́ńbà sókè, ẹnì kan á máa kọ ọ́. Mo máa ń sọ fún yín pé ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá fa irin tí ẹ sì dẹwọ́, yóò padà sí gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti fà á kọjá ibẹ̀, kò ní padà mọ́ láéláé. Irin tó dára yóò nà, yóò tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, kó tó já. Ìró rẹ̀ nígbà tó bá já, àfi bí ìbọn. Gbogbo yín á wá figbe ta pé "Ó já o!", àwọn ará ọ́fíìsì á sì máa bú wa láti ojú fèrèsé. Kò sí ibi tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Kí a tó fa irin kankan, a máa ń fi páńsì lu àmì méjì sí i lára, ihò tíntìntín méjì, kí a lè mọ bó ṣe nà tó nígbà tí a bá to àjákù méjèèjì pọ̀. Àjákù yẹn, a ó fi wáyà dì í pọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, a ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù títí olùkọ́ yóò fi máàkì iṣẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á gba tirẹ̀ lọ sílé. Àṣà tiwa nìyẹn, mi ò rí i níbòmíràn. Mo ti dé ilé àwọn kan nínú yín láìpẹ́ yìí, mo bá àjákù yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó, omi sì fẹ́ bọ́ lójú mi. Inú mi dùn, ojú sì tún ń tì mí, nítorí ẹnì kan wà nínú yín tí kò rí tirẹ̀ gbà.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìwàlẹwà ni, ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti Ìkèjì-Arákeji, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń jókòó níwájú, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ka aago. Ẹ̀yin a máa da iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú yín kọ. Ẹ má wulẹ̀ jiyàn, mo mọ̀. Òun kò dà á kọ rí. Òun nìkan náà ló máa ń lu àmì kẹta sára irin tirẹ̀, níbi ìparí, kó má bàa ṣì mọ́ ti ẹlòmíràn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan: "Ìwàlẹwà, ṣé ẹ máa ń kọlà fún irin nílé yín ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kí n lè dá ọmọ mi mọ̀ ni."

Ní ọdún náà, ìjọ wa ní Iléṣà ń kọ́ òkè kékeré kan sínú ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹgbẹ́ akọrin yóò máa jókòó. Bàbá Ìjọ wa, Olóyè Cornelius Adéyọrí, tó ti ṣòwò aṣọ títí tó fi di ọlọ́rọ̀, ló dá gbogbo irin rẹ̀ rà. Ọkùnrin yìí ló rán mi nílé-ìwé láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òun ló rán an fún mi. Ó pè mí lẹ́yìn ìsìn, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ẹkún, uṣẹ́ ulé Olúwa rèé o. Ìwọ nìkan la ní tó mọ̀ nípa irin. Bá wa kọ ọ́ síwèé pé ó dára." Kò ní kí n wò ó bóyá ó dára. Irin tí bàbá mi nínú Olúwa fi owó rẹ̀ rà, ojú tì mí láti gbé e lọ sẹ́nu Afàrinya, kó má dà bí ẹni pé mo ń fura sí i. Mo fọwọ́ ra irin náà, mo gbọn ìpata dànù, mo kọ ọ́ pé, "Mo ti yẹ irin wọ̀nyí wò, wọ́n dára fún iṣẹ́ náà." Mo buwọ́ lù ú. Wọ́n da kọnkéré lé e lórí ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe di ẹnjiníà ìjọ nìyẹn, èmi àgbàyà.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń rí irin fún ìdánwò yín. Èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fún wa kì í tó. Èmi ni mo máa ń yà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, tí mo ń tọrọ gígé irin tó ṣẹ́ kù. Lọ́sẹ̀ tó kan kíláàsì yín, irin tó wà nílẹ̀ kù ẹyọ kan kó kárí yín, orúkọ Ìwàlẹwà ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ṣí ẹ̀yìn mọ́tò mi, mo rí gígé irin mẹ́ta tí mo kó láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo mú ọ̀kan fún un.

Ebi ti ń pa yín lọ́jọ́ náà, ẹ ti ń tú ká. Irin tiyín ti já tán, kò sì sí èyí tí kò kọjá ogójì lójú aago kó tó já. Èmi àti Ìwàlẹwà nìkan ló kù nídìí ẹ̀rọ. Ọwọ́ aago kọjá mẹ́wàá, ó kọjá ogún. Kò tíì dé ọgbọ̀n tí mo fi gbọ́ "pá", ìró kékeré kan báyìí, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná. Irin náà kò nà. Kò tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kankan. Ojú ibi tó ti já tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì rí hóró-hóró bíi ṣúgà. Ìwàlẹwà gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá, kí ló ṣe irin yìí?"

Mo ní, "Kọ ohun tí o rí." Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo yín nìyẹn, ẹnu mi ti mọ́ ọn lára. Ó sì kọ ohun tó rí.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ti àjákù náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní Sátidé, nígbà tí kò sẹ́nikẹ́ni nínú ọgbà, mo padà lọ fa gígé méjì tó kù. Bákan náà ni wọ́n já. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ro àwọn akọrin wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bánkẹ́ ìyàwó mi wà lára wọn, ìlà kejì ló máa ń dúró sí. Ìyàsímímọ́ òkè náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó yẹ kí n gbéra nígbà náà, kí n lọ bá Bàbá Ìjọ, kí n wí fún un pé, "Ẹ forí jì mí, mi ò dán an wò, ẹ jẹ́ kí a wó o." Mo mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn. Mo dìde, mo gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ lọ, mo ní mo ti tún ìṣirò mi ṣe, pé bí a bá gbé òpó méjì sábẹ́ òkè náà, ẹwà rẹ̀ á tún yọ sí i. Wọ́n gbà. Irin tí mo fi ṣe òpó yẹn, fúnra mi ni mo rà á, mo sì kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu Afàrinya. Mo ti wá mọ iṣẹ́ ṣe nígbà tí ìyàwó tèmi wà lókè.

Bó bá jẹ́ pé ó parí síbẹ̀ ni, bóyá mi ò bá má kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, Dókítà Tiwaladé tó ń kọ́ yín rí iṣẹ́ Ìwàlẹwà. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà lábù, inú ń bí i. Ó ní, "Bàbá Gbádéyan, ọmọ yìí kọ ohun tí mi ò rí rí. Ṣé ó tilẹ̀ wá rárá ni, àbí ilé ló jókòó sí tó ń hùmọ̀ nọ́ńbà? Ẹ bá mi wá àjákù irin rẹ̀." Mo mọ ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e bó bá rí irin náà: níbo lẹ ti rí i? Bí mo bá dáhùn, ìwé tí mo buwọ́ lù nílé Ọlọ́run yóò jáde, ojú yóò sì ti Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà. Mo tú wáyà tí orúkọ Ìwàlẹwà wà lára rẹ̀, mo ti irin tirẹ̀ bọ àpò ṣòkòtò mi, mo sì so orúkọ náà mọ́ àjákù irin gidi kan tó ṣẹ́ kù láti ọdún tó ṣáájú. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Dókítà wò ó, ó mi orí, ó ní, "Irin tó nà báyìí ló wá kọ pé kò nà?" Mo ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù padà.

Èyí tó burú jù ni mo ń bọ̀ wá sọ yìí. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà lẹ́yìn fèrèsé tí ẹ ń gbọ́. Wọ́n gbé irin náà síwájú Ìwàlẹwà. Ó mú un, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí kọ́ ni tèmi. Àmì mẹ́ta ni mo lù sí tèmi. Méjì ló wà lára èyí." Alága ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe oníṣẹ́ irin, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ṣe òdodo. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá Gbádéyan, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ. Bí irin bá nà, ṣé àmì tí wọ́n lù sí i lára lè parẹ́?"

Ìwàlẹwà gbójú sókè. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, nítorí ó mọ ohun tí mo máa sọ. Bí irin bá nà, àmì ara rẹ̀ á fẹ̀, á gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè parẹ́. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan péré nínú lábù mi mọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ó lè parẹ́, sà."

Kò sunkún. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀, bíi pé kò tíì gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó wá ní, "Bàbá?"

Wọ́n ní ó hùmọ̀ nọ́ńbà, ó sì tún parọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ irin òun. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọdún kan. Ẹ̀yin náà sọ ọ́ ní Àmì Kẹta. Bó bá ń kọjá lọ wọ mọ́tò, ẹ ó máa pè é bẹ́ẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ, mi ò bá yín wí. Ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá rẹ̀ wá bá mi nílé ní Iléṣà, ó gbé odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà jù mí lọ dáadáa, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọmọ yìí kò purọ́ fún mi rí láti kékeré." Mo ní màá rí sí i. Mi ò rí sí nǹkan kan. Bánkẹ́ din ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́. Ìwàlẹwà kò padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́.

Ìyàsímímọ́ dé, àwọn akọrin gun òkè, wọ́n kọrin, òkè náà kò mì. Àlùfáà wa tọ́ka sí òpó méjèèjì, ó ní Ẹ̀mí ló bá arákùnrin Gbádéyan sọ̀rọ̀. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà, wọ́n gbàdúrà fún mi. Títí di òní, Òpó Gbádéyan ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi: nọ́ńbà tí mo ní irọ́ ni níwájú ìgbìmọ̀, òun ni mo gbà gbọ́, tí mo fi gbé òpó dúró. Ìwàlẹwà ló gba àwọn akọrin wa là. Èmi ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ibi tó wà. Ó ń ta irin àti símẹ́ńtì ní Òkè Fia, ní Òṣogbo. Kì í ta irin fún oníbàárà láìjẹ́ pé ó gé díẹ̀ lára rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Bó bá sán, ó dá gbogbo rẹ̀ padà fún ẹni tó kó o wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ síbẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tó gbé àga fún mi, tó ní, "Bàbá Lábù, ẹ káàbọ̀, kí lẹ fẹ́ rà?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáhùn pé wáyà tí wọ́n fi ń di irin ni. Wáyà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìdì mẹ́ta, mi ò sì kọ́lé kankan. Bánkẹ́ rò pé ogbó ti ń dà mí lórí rú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo tún wọ mọ́tò. Mo sọ̀ ní Old Garage, mo gun kẹ̀kẹ́ dé Òkè Fia, àjákù irin náà wà nínú áńkáṣífì nínú àpò mi. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń fi ọ́ìlì pa á kó má dípẹtà. Ìwàlẹwà rí mi, ó ní, "Bàbá Lábù, ẹ káàbọ̀. Ṣé wáyà náà ni?"

Mo ní, "Rárá. Nǹkan rẹ ni mo mú wá." Mo tú áńkáṣífì lórí tábìlì rẹ̀.

Ó mú àjákù méjèèjì, ó fi ojú wọn kan ara wọn, wọ́n sì wọnú ara wọn géérégé. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi ìparí rẹ̀, ó rí àmì kẹta, ó fi ọwọ́ sí i, kò gbé e kúrò. Oníbàárà kan ń béèrè iye símẹ́ńtì, ó nawọ́ sí i pé kó dákẹ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé tí mo buwọ́ lù, kọ́bọ́ọ̀dù, òpó méjèèjì. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Bàbá mi ti kú láti ọdún 2013. Ó gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wù ú kó fojú rí i." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó di apá mi mú. Ó ní, "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi, Bàbá. Ẹ dáhùn ni. Bí irin bá nà, ṣé àmì ara rẹ̀ lè parẹ́?"

Mo ní, "Kò lè parẹ́."

"Mi ò gbọ́."

Mo gbóhùn sókè débi pé àwọn tó ń di símẹ́ńtì sínú ọkọ̀ dúró wò wá. Mo ní, "Kò lè parẹ́, ọmọ mi. Ó máa ń fẹ̀ ni, kì í parẹ́. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà." Ó mi orí. Mo wá bi í bóyá ó lè dárí jì mí. Ó di irin náà padà sínú áńkáṣífì mi, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ní, "Ẹ buwọ́ lùwé fún irin tí ẹ kò dán wò. Ẹ lọ kọ ti èyí náà, kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ fún gbogbo àwọn tó gbọ́ nígbà náà. Ẹ kọ ọ́ ná."

Mo ti kọ ọ́ nìyí. Mo ti sọ fún àlùfáà wa pẹ̀lú, àwọn akọrin ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ti lọ pe ẹnjiníà tó kọ́ṣẹ́ yanjú kó wá yẹ òkè náà wò. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, bí ìwé yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ohun tí aago bá sọ ni kí ẹ kọ, kì báà jẹ́ bàbá yín ló ra irin. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ẹ̀yin tí ẹ pè é ní Àmì Kẹta, ẹ bá mi gbé ìwé yìí lọ sí Òkè Fia. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ara yín, kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́ fún mi. Mo fẹ́ kí àyà mi ṣì máa mí nígbà tí èsì bá dé, ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kán ọmọ náà lójú.

Èmi, Ẹkúndayọ̀ Gbádéyan, mo jẹ́rìí pé irin Ìwàlẹwà já kó tó dé ọgbọ̀n. Kò nà. Àmì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, mo fi ojú mi rí wọn, mo sì ka aago náà fúnra mi. Gbogbo ohun tó kọ ló rí bẹ́ẹ̀. Mo buwọ́ lù ú.